Ààlè tí Mo So Mọ́ Ọkọ̀ Tersoo

Yáàdì Fádáhùnsí,
Ọ̀nà Ìgbòho,
Ṣakí.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bólúwadúró, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọ̀gá rẹ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ológun ṣe lápá àríwá lọ́hùn-ún. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le. Ara tèmi náà kò burú, àfi orúnkún tí ó ń han bíi ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó kà jù báyìí lọ, dìde. Ọkọ̀ yòówù tí o bá tú bíréèkì rẹ̀ tí o kò tíì dì í, lọ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Lẹ́yìn náà kí o padà wá jókòó.

O ti dé? Ó dáa. Nígbà tí o pè mí lánàá, ẹ̀rín ni o ń rín: "Bàbá, ààlè tí ẹ kọ́ mi ni mo ń lò níbí o. Tí mo bá ti yọ nǹkan lára ọkọ̀, mo so ewé mọ́ ọn, ó parí." Kí n tó lanu, fóònù ti já. Mo ti pè ọ́ nígbà mọ́kànlá, kò wọlé. Samsudeen, ọmọ Sàfúrátù tí ó ń ránṣọ níwájú yáàdì wa, ni ó ń lọ sápá ọ̀dọ̀ yín lálẹ́ yìí, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní bárékè. Ó ń dúró dè mí lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ti wo aago lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní Ṣakí níbí, àti láti Ìgbòho dé Ìgànná, ọmọdé mọ̀ pé bí a bá so imọ̀ ọ̀pẹ ní kókó mọ́ nǹkan, ẹnìkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ààlè kan lè ṣọ́ ìdì igi lóko fún oṣù mẹ́ta. Bí a ṣe ń ṣe é ní yáàdì mẹkáníìkì wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe kọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí nínú ogun abẹ́lé lọ́dún 1968 ni n kò sọ fún ọ.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, mẹkáníìkì ológun lábẹ́ Sájẹ́ńtì Ìbídàpọ̀, ará Otu. Òfin kan ṣoṣo ni ó ní: ẹni tó bá tú bíréèkì, kí ó gba kọ́kọ́rọ́, kí ó sì fẹnu sọ fún dírẹ́bà. Orí òkè kan ni a pàgọ́ sí, odò wà nísàlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kó àwọn tí ìbọn bà dé. Mástà bíréèkì, irin tó ń ti òróró lọ sẹ́sẹ̀ táyà, ti kú lára ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù. Abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń kán sí mi lójú. Mo sáré lọ yọ mástà lára lọ́rì Tersoo, ọmọ Tífì kan tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ó ń sùn lábẹ́ igi, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. N kò jí i. Mo já imọ̀ ọ̀pẹ, mo so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́rì rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Wo agọ̀ tèmi! Níbo ni ọmọ Tífì yóò ti mọ ààlè? Imọ̀ ọ̀pẹ yìí kan náà ni a sì fi bo gbogbo ọkọ̀ wa látòkè délẹ̀, kí ọkọ̀ òfurufú má baà rí wa. Èmi wá lọ so ẹyọ kan kún un.

Ọkọ̀ àwọn tó fara pa lọ tán, mo ń fọwọ́, ni ìbọn ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò lórí òkè. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì lọ́rì Tersoo dáhùn. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń kígbe, "Tersoo, dúró! Kò sí bíréèkì!" Sójà méje wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n rò pé mo fẹ́ wọkọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí mi kí ó fà mí sókè. Ìka wa kan ara wọn. Lẹ́yìn náà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Mo gbọ́ fèrè rẹ̀, ó ń dún láìdáwọ́ dúró. Tersoo ìbá bẹ́ sílẹ̀. Kò bẹ́. Kí ọkọ̀ tó dé etí odò, ó yí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí lu ọ̀gán kan. Àwọn méje náà jáde, eegun ló ṣẹ́. Tersoo kò jáde.

Sájẹ́ńtì dé, ó wo ibi tí mástà yẹ kó wà, ó wo ọwọ́ mi. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé ìbọn ló ba bíréèkì jẹ́. Èmi nìkan ni ó sọ fún pé, "Mo ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn. N kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ara rẹ."

Láti ìgbà náà, bí Yétúndé ìyá rẹ bá ń fọ́nnu pé bàbá òun kò pàdánù ọkọ̀ kan rí lójú ogun, mo máa ń mi orí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú mi kò tó ẹ̀mí ẹlòmíràn. Fẹnu sọ ọ́, Bólúwadúró, ní èdè tí dírẹ́bà gbọ́, kí òun náà sì fẹnu dá ọ lóhùn.

Ògún ilé wa yóò máa ṣọ́ ọ. Irin tí o ń tún ṣe kò ní pa ọ́, kò sì ní ti ọwọ́ rẹ pa ọmọ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi rìn wọ Ṣakí.

Èmi ni bàbá ìyá rẹ, tí ó ń retí rẹ,
Fádáhùnsí.

Àfikún: Ìyàwó Tersoo ṣì wà láyé, ní abúlé kan lẹ́yìn Makurdi. Wọ́n ní bí sójà kan bá kọjá, ó ṣì máa ń béèrè bí ọkọ òun ṣe kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé gáréèjì Makurdi tí mo tún wọkọ̀ padà sílé. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, má lọ bá mi sọ ọ́ o. Wá gbé mi. Ìwọ ni yóò wakọ̀, èmi ni yóò sọ̀rọ̀.