Aago Àpò Bàbá Rẹ Dákẹ́

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ilé gíga tí o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn kò ní wó, àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè kò ní gbàgbé rẹ sí agbedeméjì. Àdúrà tí mò ń gbà nìyẹn lójoojúmọ́, kódà bí mo bá ń fọ abọ́.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ò jò mọ́, àbúrò mi náà sì ti parí ìjà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi jókòó kọ̀wé. Aago bàbá rẹ ni, èyí tó ní ẹ̀wọ̀n, tó máa ń wà nínú àpò àyà rẹ̀. Aago náà ṣì dákẹ́ bí mo ṣe sọ fún ọ lórí fóònù nígbà yẹn.

O mọ bàbá rẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀ bí kò bá tíì lọ́ aago yẹn. Mo lè kí i títí ohùn mi á fi há, á kọ́kọ́ lọ́ orí aago náà, kókó kékeré tó wà lókè rẹ̀, á gbé e sétí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kó tó wá bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Ní báyìí, bí mo bá kí i, á kàn mi orí. Kì í lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mọ́, oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì ló ń padà. O ní kó máa wo àkókò lójú fóònù, ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kì í lọ́, òun ò mọ ẹni tó ń sọ àkókò fún un. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ọkọ mi ń parẹ́ lójú mi.

O tún ní ká bi fóònù pé kí ló ń ṣe aago náà. Mo gbé e lọ bá tísà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó bá mi tẹ̀ ẹ́ pé aago àtijọ́ ni, kò rìn mọ́. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí fóònù yẹn kọ́kọ́ sọ? Ó ní ṣé a lọ́ ọ! Inú bí mi. Ọkùnrin tó ti ń lọ́ aago kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtiṣe fóònù! Mo ní kí tísà bá mi kọ ọ́ padà pé kó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Tísà ń rẹ́rìn-ín, ó ní fóònù kì í bínú. Mo ní èmi ń bínú ní tèmi. Fóònù wá ní ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ, tàbí pé ọwọ́ aago méjèèjì fara kọ́ra, tàbí pé wọ́n fa orí rẹ̀ jáde. Mo wo ọwọ́ méjèèjì, wọn ò fara kanra. Mo tẹ orí rẹ̀, inú ilé rẹ̀ ló wà. Ti ọ́ìlì, mo ní kí n kán díẹ̀ sí i nínú òróró tí mo fi ń dín nǹkan, àfi bí tísà ṣe figbe ta.

Mo bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣáájì fóònù. Ọkùnrin ibẹ̀ yí i síwá, yí i sẹ́yìn, ó ní òun ò rí ihò. Mo ní kó fara balẹ̀ wá a, kò sí ohun tí kì í ní ihò. Ó ní eléyìí kì í jẹ iná, mo rò pé kò fẹ́ ṣe é ni, torí àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń kùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́yìn ọjà fún mi, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ojú-Kan nítorí gíláàsì roboto tó máa ń há sí ojú kan bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó wò ó, ó pa á dé. Ó fi ìka méjì di orí rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ, ó lọ́ ọ, ó gbé e sí mi létí. Ọmọ mi, aago ń rìn! Ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó lọ́ ọ ni. Mo bá a fa ọ̀rọ̀. Mo ní irọ́ ni, ìṣojú mi ni ọkọ mi ti ń lọ́ ọ láràárọ̀. Ó ní kí n máa gbé e lọ, òun ń jẹun.

Inú bàbá rẹ dùn nígbà tí mo gbé e dé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ tún fi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní hàà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo ṣe bí ẹni tó ń sùn, mo ń yọjú wò ó. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún di orí aago mú. Ìka rẹ̀ ń yọ̀ ni. Ó fi ṣòkòtò nu ìka, ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Ó fi eyín dì í mú, o sì mọ bí eyín ọ̀hún ṣe ṣẹ́ kù tó. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, bí ẹni gbé ẹrù, ó jókòó, ó ń wò ó. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún. Ọmọ mi, aago kọ́ ló ń ṣàìsàn, ọwọ́ bàbá rẹ ni. Ojú ló ń tì í tí kò fi sọ. Mo ti ní kí tísà bá mi bẹ fóònù.

Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo rí i. Mo dìde, mo ní Ojú-Kan ní aago náà ti dàgbà, agbára ẹnì kan ò ká a mọ́, ènìyàn méjì ni kó máa lọ́ ọ. Irọ́ ni mo pa, Ọlọ́run á dárí jì mí. Bàbá rẹ wò mí, ó wò mí títí. Ó ní Ojú-Kan mọṣẹ́. Ó na aago sí mi, mo fi ìka mi lé tirẹ̀, a jọ lọ́ ọ. Ó gbé e sétí, ó sì bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní mo sùn.

Nítorí náà, owó aago tuntun tí o ṣèlérí, má fi ra aago o. Fi ránṣẹ́ ká fi wọkọ̀, ká sì fi rí dókítà ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín, kó tó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n má fi rán bánkì. Èyí tó kọjá, wọ́n ní ó wà lọ́nà, mo dúró létí títì títí, mi ò rí ọkọ̀ tó gbé e. Bí o bá lè gbé e wá fúnra rẹ, ìyẹn ló dára jù. Bí èmi bá ní ká lọ sọ́dọ̀ dókítà, á ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ sí ọ lẹ́nu. Má sọ pé èmi ni mo sọ o, sọ pé ọ̀gá rẹ fún ọ nísinmi.

Ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí, ìwọ náà á sì bí ọmọ tí yóò tọ́jú rẹ. Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá mi báyìí, ó ní ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo yára fọwọ́ bo òkè ìwé, mo ní ìwọ ni. Ó ní kí n fún òun ní bírò kí òun náà kí ọ. Mo ní kó jẹ́ kí n bá òun kọ ọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí o rí nísàlẹ̀ yìí, tó gùn kọjá etí ìwé, má rò pé ọmọdé ló fi ṣeré. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ gan-an, mi ò sì bá a fọwọ́ kàn án. Orúkọ rẹ ló kọ.