Ibi Tí Bàámi Ń Kúnlẹ̀ Sí

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kíra bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ wà. Màámi wà dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Festac náà ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀: òjò díẹ̀, omi á gba gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ìgbà tí a ti sin yín, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọrin, mo ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n tí mo bá ti dá wà báyìí, ẹnu mi á gbẹ. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Mo ní kí n wá nǹkan fọwọ́ ṣe, ni mo bá dojú kọ pálọ̀ yín.

Ẹ ò ní dá a mọ̀. Mo kó àwọn àga àtijọ́ yẹn jáde, mo ra tuntun. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn wá láti ìsọ̀ ṣì wà lára wọn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n dọ̀tí. Mo kun ògiri. Mo ra táìsì ilẹ̀ ní Mazamaza, funfun báláú, kí wọ́n fi bo sìmẹ́ǹtì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹ ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, orúnkún yín ti jẹ ilẹ̀ wọnú, kòtò méjì tó dán bí abọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń ki orúnkún tèmi bọ̀ ọ́. Ó máa ń tóbi jù fún mi. Mo ní kí wọ́n dí i.

Bàámi, táìsì ibẹ̀ ò dúró. Gbogbo ilẹ̀ yòókù le koko, àfi ibẹ̀. Ó sán. A pààrọ̀ rẹ̀, ó tún sán. Bọ̀dá tó ń bá wa lẹ̀ ẹ́ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí.

“Àǹtí, mo dí ihò yẹn dáadáa o. Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀ gan-an?”

Mo ní kó máa lọ.

Màámi ò tiẹ̀ wọ pálọ̀ náà. Kíṣìnì ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Mo bi wọ́n bóyá kò wù wọ́n ni.

“Ó rẹwà, ọmọ mi. Àmọ́ bàbá ẹ ṣì ń lo ibẹ̀.”

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ẹnì kan wà nínú balùwẹ̀. Èmi náà kúkú ti ń gbọ́ ọ: ikọ́ kékeré tí ẹ máa ń wú ní ìdájí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnì kankan. Ọ̀rá orí àga nìkan ló ń rọra dún.

Ṣé ẹ ń bínú ni? Àbí àdúrà yín ni ò tíì parí? Mi ò gbọ́ kí ẹ bẹ Ọlọ́run fún àga rí, tàbí ilé ńlá ní Amuwo. Orúkọ èèyàn lẹ ń dá. Tèmi ló máa ń gbẹ̀yìn, ẹ ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Kí lẹ ń sọ nípa mi tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ó ti bọ́ aago ọwọ́ yín, ẹ ó fi kọ́ ìṣó ara ògiri, kí ẹ má bàa máa kán Ọlọ́run lójú. Mo fa ìṣó yẹn yọ nígbà tí mo ń kun ilé.

Láàárọ̀ yìí, ikọ́ yẹn tún dún. Mi ò sá. Mo ṣí táìsì tó sán náà kúrò. Sìmẹ́ǹtì tuntun abẹ́ rẹ̀ ti di eruku, mo fọwọ́ kó o. Màámi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ aago mi, kò síbi tí mo lè fi kọ́, mo bá fi lé wọn lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀. Ó bá mi mu wẹ́kú, Bàámi. Ilẹ̀ náà sì gbóná, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ẹnu mi sì là, mo gbàdúrà.

Ẹ lọ sinmi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbà á lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń dárúkọ gbẹ̀yìn.