Kápúsù Inú Fìlà Bàbá Rẹ

Fọláránmi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹja ń wọ àwọ̀n dáadáa ní Abereke.

Bàbá rẹ ṣàìsàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹ pupuru báyìí. O mọ̀ pé wọn kì í wọkọ̀ lọ sókun láìgbé ọ̀kan mì nínú kápúsù pupa tí o ń fi ránṣẹ́, kí inú má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru wá dé, wọ́n gbé mẹ́fà mì, kò ràn wọ́n. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ló gbà wọ́n là. Nọ́ọ̀sì ní àwọn kòkòrò tó ń pọn májèlé síni nínú ti mọ kápúsù náà bí ẹni mọ àna, kò bà wọ́n lẹ́rù mọ́.

Jọ̀ọ́, má fi ránṣẹ́ mọ́. Ike omi onídèérí ni kí o rà fún wa, kí kòkòrò má baà wọ omi mímu wa. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín.

Kọ̀wé sí bàbá rẹ fúnra rẹ. Wọ́n ní àwọn ti da ìyókù kápúsù náà sókun, ṣùgbọ́n mo bá mẹ́rin nínú fìlà wọn láàárọ̀ yìí.

Ìyá rẹ,
Moríkẹ́