Orúkọ Zàíd Lójú Kọ̀ǹpútà

Yúsràt,

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ èyí láàárọ̀ Sátidé, nílé wa ní Kabba, kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀júkù.

Ẹnì kan ti pa ètò ìṣiṣẹ́ kejì, ìyẹn operating system, tí Zàíd, ẹ̀gbọ́n rẹ olóògbé, fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ́, bẹ́ẹ̀ a kò tíì ṣe fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá tan ẹ̀rọ náà, orúkọ Zàíd tí ó fi pe ètò náà ṣì ń jáde pé kí a yàn án. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́, ó kí i pé, “Zàíd, okun o.” Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ó ṣì jókòó tì í, ó ń retí ìdáhùn.

Yọ orúkọ náà kúrò lónìí.

Mo lẹ ìwé yìí mọ́ ilẹ̀kùn kí gbogbo ilé lè kà á. Géèmù bọ́ọ̀lù ni mo bá ní àyè tí ètò Zàíd wà tẹ́lẹ̀. Bìláàlì, àbúrò rẹ, ni ó ni ín.