Kọ́nà Tí Mo Fi Hàn Táyọ̀

Sátidé, Oregbeni

Táyọ̀ ló gbégbá orókè nínú ìdíje mọ́tò lónìí. Táyọ̀ tí mo kọ́!

Èmi ni mo fi kọ́nà kẹta pápá ìdíje hàn án. Òjò a máa kó iyẹ̀pẹ̀ sójú títì níbẹ̀; ẹni tó bá tẹ búrẹ́kì lórí rẹ̀, táyà á yọ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti kọjá mọ́tò mi lónìí.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ lójú èrò: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ì bá tiẹ̀ gbéraga, ǹ bá rí ẹ̀sùn fi kàn án.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yẹn á tún ṣípò. Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màá lọ wò ó. Bí Táyọ̀ bá bi mí, màá ní, "Àbúrò, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni."