Oògùn Egungun Tí Mo Fún Àwọn Adìyẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ láṣẹ Olúwa. Má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi kí ọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú ohun funfun kan tó le bíi sìmẹ́ńtì, ojú sì ń tì mí láti sọ bó ṣe débẹ̀.

Ike oògùn egungun mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́, àádọ́rùn-ún ẹyọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo ń sọ fún ọ lórí fóònù pé mò ń lò lójoojúmọ́, irọ́ ni mo pa. Ẹyọ mẹ́ta péré ló dé ọ̀fun mi. Èèpo ẹyin àwọn adìyẹ mi ló rọ̀, nínú mẹ́wàá, mẹ́rin á ti fọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní kálísíọ́mù ni kò tó lára wọn. Mo wo ara ike, ọ̀rọ̀ náà ló wà níbẹ̀. Mo ní egungun tèmi ti dàgbà tán, ẹyin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ni mo bá ń lọ méjì mọ́ oúnjẹ wọn láràárọ̀, fún àádóje ọjọ́ ó lé mẹ́ta. Ẹyin náà sì le.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé ọgbọ̀n ẹyin lọ fún ìyá oníbúrẹ́dì, mo yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹyin méjì ló sán. Ọrùn ọwọ́ mi ló dá.

Ní ilé ìwòsàn wọ́n ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò mi. Mo ní kí wọ́n dúró, mo rán télọ̀ aládùúgbò wa tó sìn mí débẹ̀ lọ mú gèlè tuntun wá. Egungun nìkan ló jáde. Dókítà ní ó ti dá ihò bí inú búrẹ́dì. Ó wá bi mí pé, “Màmá, ṣé ẹ ò bí ẹni tó lè ra oògùn fún yín ni?”

Télọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ mi, mo jẹ́ kí ó rò ọ́ sí aláìmoore nítorí èèpo ẹyin.

Jọ̀ọ́, fi owó ike kan ránṣẹ́, màá fi owó ẹyin ra ìkejì. Kọ lẹ́tà kékeré kan mọ́ ọn pé ìwọ lo ti ra mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú ọwọ́ mi, èmi fúnra mi ni yóò kà á fún dókítà. Àwọn ọmọ rẹ kò ní dójú tì ọ́ bí mo ṣe dójú tì ọ́.

Ẹyọ kan ló kù nísàlẹ̀ ike. Mo ti gbé e mì láàárọ̀ yìí, níṣojú gbogbo adìyẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.