Ìwé Mẹ́ta Nípa Kàtúùnù, àti Ẹsẹ̀ Òsì Màámi

                                        Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kọ "ọ̀wọ́n" yẹn tán, mo wò ó títí, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ogún ọdún kì í ṣe ọ̀sán kan. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Màmá rẹ ńkọ́? Ọmọ wa obìnrin tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ kàtúùnù ńkọ́? Èmi wà, mo ń jẹ, mo ń mu, àmọ́ inú ń bí mi, n ò sì ní í parọ́ fún ọ.

O ní kí n dárúkọ ìwé tó dáa fún un. Àkọ́kọ́ ni ìwé aláwọ̀ ewé tí a jọ máa ń jà lé lórí níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Mo ti fi í sínú páálí. Kó má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú o! Kó lọ tààrà síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìwúwo, kó fi oṣù kan gbáko ya àpò sìmẹ́ńtì tó ń ṣubú. Tí àpò yẹn ò bá tíì wúwo lójú òun fúnra rẹ̀, kó má tíì ya ènìyàn.

Èkejì, ìtàn ni. Ìwé kékeré kan ni, nípa àwọn obìnrin tó máa ń kun àwòrán kàtúùnù lórí ọ̀rá tó mọ́ gaara kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó kọ ọ́ wá orúkọ wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo sunkún nídìí ìwé yẹn, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀kẹta, ìwọ fúnra rẹ lo dárúkọ rẹ̀: ìwé ńlá tí wọ́n kọ nípa ilé iṣẹ́ wa àti ọ̀gá wa tó ti dolóògbé. O ní ṣé èyí náà dáa. Háà! Èmi lo bi?

Mo rà á lóṣù tó kọjá. Ìyá arúgbó inú kàtúùnù wa, tó gbé garawa omi gun àtẹ̀gùn, wà lójú ewé kejìléláàádọ́fà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá ló yà á, pé ìrìn ìyá rẹ̀ àgbà ló wò yà á. Ìyá àgbà wo? O mọ bí a ti máa ń ṣe é: ọ̀gá á ya ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìrìn kan, àwa á ya gbogbo èyí tó wà láàárín. Èmi ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì màámi máa ń dúró díẹ̀ kó tó gbà láti gbéra, látìgbà tó ti ṣubú. Mo fi àwòrán méjì kún un kó lè dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá pariwo mọ́ mi, "Àwòtúnwò, àṣìṣe rèé! Yọ ọ́!" Mo kọ̀. Ìwọ oníkámẹ́rà lo sáré ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ọ̀gá tó ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ tó dúró yẹn gan-an ni ìwé náà wá ń yìn, wọ́n ní ọgbọ́n ọ̀gá ni.

Ǹ bá dá òǹkọ̀wé nìkan lẹ́bi, ká ní n ò ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tó ti ń dúpẹ́. Orúkọ rẹ ló ṣáájú. Ó ní ìwọ lo sọ ẹni tó ya àwòrán kọ̀ọ̀kan fún òun. Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní, "Ọ̀rẹ́, òkú ni wọ́n ń yẹ́ sí, jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Màámi náà kì í ṣe òkú ni? Màámi tó ń pè ọ́ lọ́mọ òun, tí o máa ń gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn! Fọ́tò tí mo ní, ìjókòó ló jókòó nínú gbogbo wọn. Inú àwòrán yẹn nìkan ló kù tó ti ń rìn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, mo ní àwòrán náà wà lọ́wọ́ mi, pé mo ti kọ orúkọ màámi sẹ́yìn rẹ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ sẹ́yìn àwòrán, àmọ́ tí oníkámẹ́rà bá jẹ́rìí, àwọn á tún un ṣe nígbà tí àwọn bá ń tún un tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìlà kan péré! Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti bẹ̀ ọ́. Èsì tí mo rí gbà ni pé kí n wá ìwé fún ọmọ rẹ. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́.

Ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Mo fi àwòrán ìrìn náà, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, sínú páálí pẹ̀lú ìwé méjèèjì. Kó di etí wọn mú, kó fi àtàǹpàkò tú wọn sílẹ̀ kíákíá, á rí obìnrin tó máa ń pọ̀n ọ́n ní kékeré, bó ti ń rìn. N ò ní ẹ̀dà mìíràn, kó dá a padà tó bá wò ó tán. Òun ni mo fà á lé lọ́wọ́ o, kì í ṣe ìwọ.

N ò ra ìwé kẹta fún un, mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé ti fi ọ̀kan ta ọ́ lọ́rẹ. Ó máa kà á. Ó máa dé ojú ewé yẹn, ó máa gbé àwòrán mi lé e, á rí orúkọ màámi lẹ́yìn rẹ̀, á wá dìde wá bá ọ lórí àga rẹ. Kí lo máa sọ fún un?

Bá mi kí ìyàwó wa àti màmá rẹ. Sọ fún màmá pé mo ṣì ń lo ṣúẹ́tà tó hun fún mi.

Èmi ni, tí mo ń retí ìlà kan,
Àwòtúnwò.